Ta Ló Ni Scrabble?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, jókòó dojú kọ Lewis Mackay, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nílùú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Àṣekágbá ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú méje ni yóò gba adé. Jighere jẹ ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, Mackay kò sì rí ẹyọ kan jẹ. Bí ọmọ Delta yìí ṣe di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé nínú Scrabble elédè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ààrẹ Muhammadu Buhari kí i kú oríire, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwa olùkọ́ léèrè pé irú eré wo ló ń gbé èèyàn dé irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ Scrabble ló ṣètò ìdíje Perth. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré náà káàkiri ayé, tí a mọ̀ sí WESPA, ló ṣètò rẹ̀ fúnra wọn. Àwọn tó ń fowó ra àpótí Scrabble lọ́jà ni wọ́n tún fìdí ìdíje náà múlẹ̀, tí wọ́n yan adájọ́, tí wọ́n sì ń ka ipò oníkálukú. Oníbàárà lásán kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjà tí ẹlòmíràn ń jèrè lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa: láàárín ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré àti èèyàn tó ń rà á, ta ló ni eré gan-an?

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ Scrabble àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ilé-ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, a máa ń to tábìlì sí kíláàsì kan, a ó gbé pátákó kalẹ̀, a ó sì tẹ aago. Ìṣẹ́jú 25 ni oníkálukú ní fún eré kan. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, a ó yọ máàkì 10 kúrò fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ń bẹ láàárín ilé-iṣẹ́ eré àti oníbàárà rẹ̀ jinlẹ̀ ju ká sanwó ká gba ọjà lọ.

Ohun tó wà nínú àpótí

Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ni ayò ọlọ́pọ́n. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti gbẹ́ ọpọ́n oníhò méjìlá, tí a sì rí ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu àwọn àgbà ni òfin rẹ̀ wà. Bí wọ́n ṣe ń ta á ní ìlú kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ta á ní ìlú kejì, kò sì sẹ́ni tí yóò pe ẹnì kan lẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Scrabble yàtọ̀. Ohun mẹ́ta ni èèyàn ń bá pàdé bó bá rà á. Èkíní ni ohun èlò: pátákó onílé 225, ẹyọ lẹ́tà 100, àpò tí a ń kó wọn sí, àti ibi tí a ń to lẹ́tà méje sí. Èkejì ni orúkọ, èyí tí ilé-iṣẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ̀kẹta ni ìwé ọ̀rọ̀, ìyẹn àkójọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fàyè gbà. Inú ìwé yìí ni ọmọ ẹgbẹ́ mi ti mọ̀ pé òun lè to OBA sílẹ̀ kó gba máàkì 5, tàbí KOBO kó gba 10, kí alátakò rẹ̀ má sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Bí a bá ti sanwó, ohun èlò ti di tiwa. Orúkọ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ìwé ọ̀rọ̀ ló wà láàárín, òun ló sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bákan náà, ohun kẹrin kan wà tí kò sí nínú àpótí rárá: ẹgbẹ́, ìdíje, ọgbọ́n tí a fi ń ṣọ́ pátákó, ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí àwọn èèyàn há sórí. Àwọn tó ń ṣeré ló dá ìwọ̀nyí sílẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ló sì ń mú kí àpótí náà máa tà.

Oníbàárà ló fún un lórúkọ

Alfred Mosher Butts, ayàwòrán-ilé kan ní ìpínlẹ̀ New York, ló dá eré náà sílẹ̀. Ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pinnu láti ṣe eré tí yóò da ọgbọ́n pọ̀ mọ́ oríire. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka lẹ́tà inú ìwé ìròyìn láti mọ èyí tó ń jẹ yọ jù. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú àpò títí dòní, tí Q àti Z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó fi S sí mẹ́rin péré, nítorí pé S a máa sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan di púpọ̀, eré náà ìbá sì rọrùn jù bó bá pọ̀.

Butts gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ eré ńláńlá, wọ́n kọ̀ ọ́. Milton Bradley wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́. Ó wá ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tà wọ́n fún ojúlùmọ̀, Criss-Cross Words ni ó sì ń pè é nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó ní irú rẹ̀ nílé ni James Brunot. Brunot fẹ́ràn eré náà débi pé ó bá Butts sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa ṣe é tà, kí òun sì máa fún un ní ìpín lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Ó tún àwọn ilé aláwọ̀ orí pátákó tò, ó mú kí òfin rọrùn sí i, ó sì fún un ní orúkọ Scrabble ní 1948.

Ẹ wò ó pé oníbàárà ni Brunot kó tó di oníṣòwò. Ẹni tó ra eré, tó ṣe é títí tó fi mọ ibi tó kù sí, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ lónìí. Kò sì jèrè lójú ẹsẹ̀. Ní 1949, àpótí 2,400 ni òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe, dọ́là 450 ni wọ́n sì pàdánù. Ìgbà tó di 1952 ni ọjà ṣí. Wọ́n ń sọ ọ́ pé ọ̀gá àgbà ilé ìtajà Macy's rí i níbi tó ti lọ lo ìsinmi, ó ṣe é, ó sì gbádùn rẹ̀, àfi bó ṣe padà dé tó rí i pé ilé ìtajà òun kò tà á. Nígbà tó fi máa di 1954, iye tí wọ́n tà lọ́dún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin.

Iṣẹ́ náà ju agbára Brunot lọ, ó sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ Selchow & Righter, tí wọ́n ra orúkọ náà pátápátá ní 1972. Coleco ra Selchow & Righter ní 1986, ṣùgbọ́n gbèsè wó Coleco lulẹ̀, Hasbro sì ra eré náà ní 1989. Hasbro yìí ló ti ra Milton Bradley, ilé-iṣẹ́ tó kọ Butts sílẹ̀ nígbà kan, ní 1984. Ní Bìrìtìkó, ilé-iṣẹ́ Spear ló ń ṣe é kí Mattel tó rà wọ́n ní 1994. Ìyẹn ló fà á tí Scrabble fi ní olówó méjì títí di òní: Hasbro ló ni ín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Mattel ló ni ín níbi tó kù láyé, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀.

Ìjà lórí ìwé ọ̀rọ̀

Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣe Scrabble níta fún ìdíje ní New York ń lo ìwé atúmọ̀ èdè tó bá wà nílẹ̀. Àríyànjiyàn kì í tán. Selchow & Righter gbọ́ ohùn wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ṣètìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ó sì bá àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Scrabble nìkan, tó jáde ní 1978. Ọdún náà ni wọ́n ṣe ìdíje àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ka èyí sí àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nínú gbogbo ìtàn Scrabble. Àwọn oníbàárà ní ìṣòro, ilé-iṣẹ́ wò ó dáadáa, ó sì ṣe ohun tó yanjú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ jèrè, àwọn òṣèré náà sì jèrè.

Ìwé kan náà ló wá dá wàhálà sílẹ̀ ní 1994. Àwọn èèyàn kan rí i pé èébú tí wọ́n fi ń bú Júù, tí wọ́n fi ń bú ènìyàn dúdú àti àwọn mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹjọ́ sùn, Hasbro sì kéde pé òun yóò yọ gbogbo wọn. Àwọn òṣèré fàbínú yọ. Àlàyé wọn ni pé lórí pátákó, àkópọ̀ lẹ́tà lásán ni ọ̀rọ̀, kò ní ìtumọ̀; pé àwọn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti há wọn sórí; àti pé kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ yí eré padà láàárín ìdíje láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn kan sọ pé àwọn kò ní í wá síbi ìdíje àpapọ̀.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé wọ́n pín ìwé náà sí méjì. Èyí tó jáde ní 1995 fún ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ kò ní èébú nínú. Fún ìdíje àti ẹgbẹ́, wọ́n fi gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú àkójọ mìíràn tó wá jáde ní 1998. Kò sí ẹni tó gba gbogbo ohun tó fẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọdún 26 lẹ́yìn wàhálà 1994, ọ̀rọ̀ náà tún gbérí. Ní 2020, nígbà tí ìwọ́de lórí ẹ̀mí àwọn ènìyàn dúdú gba Amẹ́ríkà kan, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ibẹ̀, NASPA, jíròrò, ìgbìmọ̀ rẹ̀ dìbò, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ èébú kúrò nínú àkójọ ìdíje wọn. Ní 2021, Mattel náà ní kí wọ́n yọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 400 kúrò nínú àkójọ Collins, èyí tí àwa ń lò ní Nàìjíríà. Ti Mattel ni ó bí àwọn èèyàn nínú jù. Àwọn kan tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí àkójọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ipò sílẹ̀.

Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ lórí èyí, nítorí pé ó dé kíláàsì mi. Kí ìyípadà náà tó wáyé, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa to ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń bú ènìyàn dúdú. Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Inú àkójọ ni ó ti há a sórí, bí àwọn ọmọ ṣe ń há ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta àti mẹ́rin sórí. Alátakò rẹ̀ pè é níjà, a yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ náà sì tọ̀nà. Mo dá aago dúró. Mo ṣàlàyé fún gbogbo wọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ẹni tí wọ́n fi bú àti ohun tí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ máa kọ máàkì yẹn fún mi?" Mo kọ ọ́, nítorí pé òfin ni òfin.

Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò níbẹ̀ báyìí. N kò gbà pé ọ̀rọ̀ kì í ní ìtumọ̀ lórí pátákó nígbà tó bá jẹ́ pé ọmọ dúdú ló ń tò ó. Ṣùgbọ́n mo tún gbà pé ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ gbà ṣe é kò tọ́. Àwa tí èébú náà bá wí wà láàárín àwọn oníbàárà, a pọ̀, a sì ní ẹnu. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ nítorí iyì wa, iyì náà ìbá ti bẹ̀rẹ̀ látorí pé kí wọ́n bi wá. Àwọn àgbà sọ pé àìfinipeni, àìfèèyànpèèyàn, ni í mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú. Ohun rere tí a ṣe láìfi ẹni tó kàn pè máa ń dà bí àṣẹ lásán.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Kolkata

Ìtàn kan tún wà tó fi hàn bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà tí oníbàárà bá yára ju ilé-iṣẹ́ lọ. Rajat àti Jayant Agarwalla, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ìlú Kolkata ní Íńdíà, fẹ́ràn Scrabble. Wọ́n ṣe ẹ̀dà kan tí èèyàn lè fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókè òkun ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní Scrabulous, wọ́n sì gbé e sórí Facebook ní 2007. Nígbà tí 2008 bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń lò ó lójúmọ́ ti lé ní 500,000. Àwọn kan nínú wọn kò tíì fọwọ́ kan Scrabble rí; Scrabulous ló mú wọn wọlé.

Hasbro àti Mattel ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti bínú, nítorí pé orúkọ náà jọ tiwọn jù. Ní oṣù keje ọdún 2008, Hasbro gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n sì ti Scrabulous pa fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dùn mọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n já eré gbà lọ́wọ́ wọn kò kà á sí pé Hasbro ń dáàbò bo ohun ìní rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilé-iṣẹ́ tó sùn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún jí, ó sì kọ lu àwọn tó ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe. Wọ́n kóra jọ, wọ́n kọ̀wé, wọ́n bú Hasbro. Ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí jáde, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Àwọn Agarwalla yí eré wọn padà, wọ́n pè é ní Lexulous, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún yẹn, Hasbro fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Òfin wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin kì í mú kí oníbàárà fẹ́ràn èèyàn. Ká ní Hasbro pe àwọn ọmọkùnrin méjì náà sí tábìlì kó tó pè wọ́n sí kóòtù ni, ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ìbá ti jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2023

Hasbro kan náà tún kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó le sí i, lórí eré mìíràn. Dungeons & Dragons ni eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974. Àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á máa ṣe bí akọni inú ìtàn náà, wọ́n á sì máa ju ọmọ ayò olójúpúpọ̀ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wizards of the Coast, tó wà lábẹ́ Hasbro láti 1999, ló ń ṣe é.

Ní 2000, Wizards fún gbogbo ayé ní ìwé-àṣẹ kan tó sọ pé ẹnikẹ́ni lè lo ìpìlẹ̀ òfin eré náà láti kọ ìtàn tirẹ̀ kó sì tà á. Àìmọye ilé-iṣẹ́ kéékèèké gbára lé ìwé-àṣẹ yìí. Oúnjẹ ọmọ àwọn mìíràn wà níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àkọsílẹ̀ kan já sí gbangba tó fi hàn pé Wizards fẹ́ fòpin sí ìwé-àṣẹ àtijọ́ náà. Nínú tuntun, ẹni tí owó tó wọlé fún un lọ́dún bá ju dọ́là 750,000 lọ yóò máa san dọ́là 25 nínú 100 lórí ohun tó bá lé.

Àwọn oníbàárà kò dúró de kóòtù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún ilé-iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Paizo, tó ń bá Wizards díje, kéde pé òun àti àwọn mìíràn yóò ṣe ìwé-àṣẹ tuntun tí ilé-iṣẹ́ kankan kò ní í lè gbà padà. Wizards tún àbá rẹ̀ ṣe, ó wá bi àwọn èèyàn léèrè èrò wọn. Ó lé ní 15,000 tó dáhùn. Nínú 100, àwọn 88 sọ pé àwọn kò fẹ́ tẹ ìwé lábẹ́ òfin tuntun náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Wizards jọ̀wọ́. Ó fi ìwé-àṣẹ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì tún gbé ìpìlẹ̀ òfin eré náà sábẹ́ Creative Commons, níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti lè gbà á padà mọ́ láéláé.

Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn èèyàn nígbà tí ilé ti ń jó náà ni ìbá ti ṣáájú. Ká ní ó ṣáájú ni, wọn kì bá ti pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n fi ọdún méjìlélógún kó jọ.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ kò lè yí nǹkan padà. Ní 2014, Hasbro ní kí àwọn èèyàn dìbò fún ọ̀rọ̀ tuntun kan tí yóò wọ ìwé, GEOCACHE ló sì wọlé. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó dìbò yóò máa rántí pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Ní 2024, Mattel gbé Scrabble Together jáde ní ilẹ̀ Yúróòpù. Pátákó rẹ̀ lójú méjì: ojú kan ni Scrabble tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú kejì jẹ́ eré tí àwọn èèyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ dípò kí wọ́n máa bára wọn díje. Àwọn kan ráhùn pé ó rọrùn jù. Èmi fara mọ́ ọn, nítorí pé wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ ti àtijọ́ yóò yí pátákó padà, ẹni tó fẹ́ tuntun yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi kún un, tí kì í yọ kúrò, kì í sábà bá oníbàárà rẹ̀ jà.

Àwọn òṣèré náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ wo ẹyọ lẹ́tà onígi tó wà nínú àpótí. Wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sínú igi náà, ọwọ́ sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè fi ìka wá ibi tó dán nínú àpò, kó mú ẹyọ tí kò ní lẹ́tà, tó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. Àwọn òṣèré ló ṣe ẹyọ oníke tó jọ̀lọ̀ fún ìdíje, tí ìka kò lè dá mọ̀. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa ṣépè. Nínú ẹgbẹ́ wa n'Íbàdàn, káfíńtà kan ló bá wa ṣe pátákó tó ń yí, kí ọmọ má baà máa dorí kodò láti ka ọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹgbẹ́ tó lè ṣètò ìdíje Perth jẹ́ ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kò lè fojú di.

Mo tún fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe eré tuntun sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n ti ń pọ̀ sí i ní Nàìjíríà. Nígbà kan, a ra àpótí kan ní ọjà tí a kò bá ẹyọ N tó pé nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é kò sí lára páálí, àdírẹ́sì kò sí, nọ́ńbà fóònù kò sí. Kò sí ẹni tí a lè bá sọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ yín sára ohun tí ẹ bá ṣe, kí ẹ sì kọ ibi tí a lè rí yín sí. Ẹ kọ òfin eré yín lédè tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kà. Bí oníbàárà bá mú àbá wá, ẹ gbọ́ ọ tán, nítorí pé ẹni tó ṣe eré yín ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lè ti rí ohun tí ẹ̀yin tó dá a sílẹ̀ kò rí. Ẹ rántí Brunot.

Ní ti Mattel, ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó mọ Scrabble jù lọ láyé. Ní Perth, orílẹ̀-èdè wa ló ṣe ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wá. Bí wọ́n bá tún fẹ́ fọwọ́ kan ìwé ọ̀rọ̀, kí wọ́n fún ẹgbẹ́ wa níjòókòó nídìí tábìlì kí wọ́n tó kéde. Bí wọ́n bá ń wá ibi tí oníbàárà ọ̀la wà, kí wọ́n wo inú ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbi tí ọmọ mẹ́fà ti ń dúró de pátákó kan.

Láàárín 1948 sí 1989, orúkọ Scrabble kọjá lọ́wọ́ olówó mẹ́rin ní Amẹ́ríkà nìkan, ọ̀kan nínú wọn sì kú sínú gbèsè. Kò sí ọ̀kankan nínú àyípadà yẹn tó dá eré dúró nínú ilé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tó ni orúkọ lè tà á, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe eré náà kò tà á rí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò lórí eré, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ni ó ń bá dòwò pọ̀, kó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí alábàáṣe.